Èmi àti Àga Mi Ń Bọ̀ Wá Wo Ìràwọ̀

Ọmọ mi Ìyá Ìbéèrè,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, obìnrin onílé yín tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta omi sílẹ̀ ńkọ́? Àwa níbí wà, a dúpẹ́. Àdúrà tí mo gbà fún ọ láàárọ̀ yìí kí n tó mú ayùn ni mo tún ń gbà lórí ìwé yìí: Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ bí o ṣe ń rìn nínú òkùnkùn lórí òkè yẹn, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ojú tí o fi ń wòkè ò ní ṣe bàìbàì, ọrùn rẹ ò sì ní wọ́. Mo fi ọrùn kún un nítorí mo ti gbìyànjú iṣẹ́ yín wò nílé níbí, mo sì ti mọ ohun tó ń ṣe fún ọrùn.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, ó lè rìn dé ọjà báyìí láìdúró lọ́nà, àmọ́ bí mo bá ti ní kó bá mi di pákó mú, orúnkún náà á tún bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ funfun rẹ̀ yé ẹyin sínú ìyẹ̀fun pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì jẹ́ kí n dé ìdí tábìlì tí mo ti ń fági mọ́, apá kan ni mo ń dúró sí ṣiṣẹ́ bí àlejò. Wọ́n ṣe títì wa dé iwájú ilé oníbúrẹ́dì, wọ́n sì kó irinṣẹ́ wọn lọ, àwa tó kù ń wo ọ̀dà láti òkèèrè. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ó dáa. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyí: mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀ wá síbi tí o ti ń fi ìràwọ̀ han àwọn èèyàn, èmi àti àga mi, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ ṣáájú kí o má bàa ní mo já lù ọ́. Má bẹ̀rẹ̀ àwáwí. Mo mọ̀ pé o ti sọ fún ìyá rẹ pé òkè yẹn ga, pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti àgbàlagbà, pé òkúta ló kún ọ̀nà rẹ̀. Òkúta kì í ṣe ohun tuntun sí mi, òkúta ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Mo ti pinnu, ìyá rẹ sì mọ̀ pé bí mo bá ti pinnu, àfi kí wọ́n máa wò mí.

Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún wá bá mi lórí iṣẹ́ ọ́fíìsì tó bá ọ wá. Ó ní àyè náà ṣì ṣófo, ó ní àga tó ń yí ni wọ́n máa gbé ọ jókòó lé, fáànù á máa fẹ́ sí ọ lórí, wàá sì máa délé kí ilẹ̀ tó ṣú bí ọmọ gidi. Ó ní kí oṣù yìí tó parí, òun fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́nu mi, nítorí òun mọ̀ pé bí mo bá ní kí o fi iṣẹ́ ìràwọ̀ sílẹ̀, o ò ní bá mi jiyàn. Òótọ́ ló sọ. Ìyá rẹ ti ka ohun tí o kọ sí i fún mi. O ní bí èmi bàbá rẹ bá ní kí o wá, wàá wá, àmọ́ kí a má retí pé wàá máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á, kò yàtọ̀.

Ẹnu mi ni gbogbo èèyàn wá ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, onígbàjámọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan ní òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nítorí pé ó na ìka sókè. Àmọ́ káfíńtà ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ra pákó, mi ò dá iye lé èyí tí mi ò fi ojú ara mi rí. Mo máa ń yí i padà, mo máa ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ó tẹ̀, mo máa ń fi èékánná kàn án bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọmọ mi ni mo wá fẹ́ dájọ́ láti ọ̀nà jíjìn? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó ní sùúrù, mo fẹ́ lọ wò ó. Ó ní kí ni mo fẹ́ lọ wò, ṣé kò sí ojú ọ̀run lórí ilé mi ni. Mo ní ó wà, àmọ́ ti orí ilé mi kò ní atọ́nà.

Ìyá rẹ ní o ní àyè ọ̀fẹ́ wà fún ẹbí àwọn òṣìṣẹ́. Mi ò fẹ́. Bí mo bá gba ọ̀fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á ní wọ́n ti fi ọ̀fẹ́ dí mi lẹ́nu. Màá sanwó bí gbogbo èèyàn, màá tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn, mi ò sì fẹ́ kí o dá mi mọ̀ níbẹ̀. Má sáré wá gba àpò lọ́wọ́ mi. Má pè mí ní bàbá mi, ẹ̀yin bàbá yẹn ni kí o pè mí bí o ṣe ń pe àgbàlagbà yòówù tó bá wá. Èmi náà á máa pè ọ́ ní ẹ̀yin atọ́nà, ẹ̀yin ni màá sì máa fi bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ni mo ti ń fi ṣe ìdánrawò. Lánàá mo sọ fún un pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi gbé omi wá, ó yà á lẹ́nu débi pé ó gbé e wá lóòótọ́.

Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun àdúgbò wa ló bá mi forúkọ sílẹ̀, nítorí orí fóònù nìkan ni ẹ ti ń gba orúkọ, mi ò sì gbádùn ìyẹn, mi ò rí ojú ẹni tí mò ń sọ fún. Fóònù náà kọ́kọ́ ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo rò pé obìnrin yẹn ń bá mi ṣeré ni, ó fi hàn mí, ó wà níbẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ti wá síbẹ̀ rí tó ṣe yín ní jàǹbá, tí ẹ fi wá ń ṣọ́ra. Mo ka orúkọ bàbá mi àti ti bàbá bàbá mi fún un, mo ní káfíńtà ni gbogbo wọn, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ìran wa, àní ayùn oníná gan-an, mi ò lò ó rí. Obìnrin náà ní kò pọn dandan, ó kàn fi ìka tẹ ibì kan. Fóònù tún kó àwòrán jáde, ó ní kí n mú èyí tí ọkọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Mo mú gbogbo èyí tí ọkọ̀ wà, mo tún mú ọ̀kan tó jẹ́ ojú ọ̀nà lásán, nítorí ọkọ̀ á gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́. Ó ní mo kùnà. A tún un ṣe títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó bi mí bóyá mo ní àìlera kankan, mo ní ìyá rẹ ló ní orúnkún. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló wá dá mi dúró. Ó ní bí nǹkan bá ṣe mí lórí òkè, ta ni kí wọ́n pè, kí ni onítọ̀hún jẹ́ sí mi, iṣẹ́ wo ló ń ṣe kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti rí i.  Obìnrin náà ní bí mi ò bá dáhùn, wọn ò ní fún mi láyè. Mo ní kó gbé ìyẹn sílẹ̀ fún mi ná, mo fẹ́ lọ rò ó.

Ó wá bá mi tẹ ìwé ìmọ̀ràn yín jáde, èyí tó ń sọ ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ kó tó wá wo ìràwọ̀. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí mo bá a dé, kí o má bàa rò pé èmi ni màá kó ìtìjú bá ọ láàárín àwọn àlejò.

Wọ́n ní ojú máa ń pẹ́ kó tó mọ́ òkùnkùn lára, bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èèyàn má wo iná rárá títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bí ìṣẹ́jú bá dáa, ọjọ́ á dáa jù. Mo ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pa, mo fi àpò dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn kí ojú mi lè gbó dáadáa kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mi ò ní sọ pé kò ní ìṣòro tirẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn tuntun kan fún nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ọ̀hún, ìgbà tí mo gbé e dé ìmọ́lẹ̀ ni mo rí i pé ibi tí ilẹ̀kùn ti ń yí ni mo kan ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á sí. Nọ́ọ̀sì ní báwo ni òun ṣe fẹ́ ṣí i. Mo ní ilẹ̀kùn náà kò ní àbùkù, ó kàn fẹ́ ẹni tó ní sùúrù ni. Ó ní òun ò ní. Òun náà ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé ojú kì í tọ́jú òkùnkùn pamọ́, pé bí mo bá ti rí iná péré, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òòlù ti bá àtàǹpàkò mi méjèèjì kí ìmọ̀ yẹn tó dé. Mo ti ṣí fèrèsé kan, mo sì ń ṣe ilẹ̀kùn mìíràn fún un.

Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé iná funfun wá, iná pupa nìkan ni kó mú dání, kó má bàa ba ojú àwọn yòókù jẹ́. Mo gbà. Mo ti fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì mi, mo fi rọ́bà dè é pinpin. Àmọ́ mo rò ó síwájú sí i: bí iná funfun bá ń dà wọ́n láàmú, àwọn ohun funfun yòókù ńkọ́? Ìyá rẹ fẹ́ kí n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun sábẹ́ aṣọ, mo kọ̀. Ó wá ku irùngbọ̀n mi, ìwọ náà mọ bó ṣe funfun tó. Mo lọ bá onígbàjámọ̀, mo ní kó bá mi pa á láró dúdú. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́ẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ṣé ìràwọ̀ ni mo fẹ́ lọ kọ ẹnu ìfẹ́ sí ni. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán, mi ò dìde lórí àga rẹ̀, ó pa á láró. Ìyá rẹ kàn ń fi apá kan ojú wò mí.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá lágbára rẹ̀ gbé àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà sẹ́yìn wá, kí ọrùn má bàa máa ro ó. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó kọ ìwé náà ní làákàyè. Mo mú pákó tí mo ti tọ́jú tipẹ́, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí fún tí mi ò fún un, mo fi kan àga kan tó jẹ́ pé bí o bá ti jókòó, ojú rẹ ò lè rí nǹkan mìíràn àfi òkè gangan. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé èèyàn ò lè dá dìde lórí rẹ̀, àfi kí ẹnì kan wá fà á. Nígbà tí mo dán an wò lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara tù mí, oorun gbé mi lọ, mo dojú kọ òkè, mo la ẹnu. Oníbàárà kan wọlé, ó rí mi, ó sáré lọ kí ìyá rẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìyá rẹ ní òun rọra gbé omi kalẹ̀ kí òun tó dá a lóhùn, nítorí òun ń gbọ́ híhanrun mi láti ibi tí òun dúró sí. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà tiyín ti wá wọn àga náà. Ó ní kò lè gba ẹnu ọ̀nà, orí ọkọ̀ ló máa wà, ó sì máa san owó èèyàn kan gbáko torí pé ó tóbi ju èèyàn lọ. Mo ní kò burú, àga náà máa san.

Aṣọ tó nípọn, bó ti wù kí ọ̀sán gbóná tó, mo ti gbọ́. Bàtà tó bo ọmọ ìka, mo ti gbọ́. Kí èèyàn dé kí ilẹ̀ tó ṣú kó lè rí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, mo ti gbọ́. Kó sì ti yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó gòkè, ìyá rẹ ní kí n fi báírò fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Wọ́n ní ìgbà tí òṣùpá ò bá sí ni ẹ máa ń ṣe é, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bo àwọn ìràwọ̀ kéékèèké mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn iná kan á rọra rìn kọjá lókè láìṣẹ́jú, pé èèyàn ló jù wọ́n síbẹ̀, wọn kì í ṣe ìràwọ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa ń gbà wọ́n bí wọ́n bá ń bọ̀. Wọ́n tún ní ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ mìíràn ti gbéra kí wọ́n tó bí bàbá mi, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jọ pé wọn ò tíì ṣe títì tiwọn náà tán.

Ti ìkùukùu nìkan ni mi ò fara mọ́. Wọ́n ní bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ẹ máa sún un sí ọjọ́ mìíràn, ẹ máa sọ fún wa lórí fóònù. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kó tètè ṣètò ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá mọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìkùukùu, kó kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kó fi ọjọ́ tí mò ń bọ̀ síbẹ̀, nítorí àga mi ò lè máa lọ kó tún máa bọ̀.

Lórí awò awọ̀nàjíjìn, ọ̀pá onígíláàsì tí ẹ fi ń wo òkè, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dì í mú, kó má fara tì í, ojú nìkan ni kó gbé sún mọ́ ọn, torí bó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, ìràwọ̀ tí atọ́nà ti wá kàn á sọnù. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Èmi náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ayùn mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ka ohun tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí èèyàn má retí àwọ̀ mèremère tó wà nínú àwòrán, pé ọ̀pọ̀ ohun tó máa rí á dà bí èéfín kékeré, kó fi sùúrù wò ó dáadáa kó tó yé e. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún oníbàárà pé ọjà òun ò dára tó àwòrán rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ya orí àwọn arẹwà ọkùnrin sára pátákó rẹ̀, gbogbo wa ń wọlé, kò sí ẹni tó jáde bíi wọn rí. Mo bi obìnrin fóònù pé ta ló kọ ìwé yìí. Ó wo ìsàlẹ̀, ó ní atọ́nà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ ni. Mo mọ̀ pé ohun tí o ti mọ̀ ni mo wá ń rò fún ọ láti àárọ̀, mo kàn fẹ́ kí o rí i pé mo kà á délẹ̀ ni.

Àwòrán awò náà wà lábẹ́ ibẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Onígbàjámọ̀ pè mí wá wò ó, ó ní iléeṣẹ́ tí ò lè ra ẹsẹ̀ kẹrin fún irú nǹkan olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fa àpótí tí mo máa ń jókòó lé jáde, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, mo gbé e sórí ilẹ̀ gbágungbàgun tí àwọn oní-títì fi sílẹ̀ fún wa, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó jókòó, kò mì. Mo gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí onígbàjámọ̀ fi ń fárí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kí òun náà jókòó, ó ń jó síbí jó sọ́hùn-ún lórí rẹ̀ bí ẹni wà nínú ọkọ̀. Lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa ń dúró ṣinṣin. Ẹni tó gbé awò yẹn sórí òkè mọ ohun tó ń ṣe. Mi ò tíì rí ìràwọ̀ kankan, àmọ́ bí nǹkan bá dúró dáadáa, mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí o kéré, orí ìyẹ̀fun pákó yìí náà lo máa ń jókòó sí, wàá máa bi mí pé ta ló kan àwọn ìràwọ̀ mọ́ òkè, kí ló dé tí orí ìṣó wọn fi ń tàn. Màá ní kí o jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́. O ò jẹ́ kí n ráyè rí. Ibẹ̀ náà ni orúkọ Ìyá Ìbéèrè ti wá, mi ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn lo máa gbé lọ fi ṣiṣẹ́ ṣe.

Láàárọ̀ yìí mo padà sọ́dọ̀ obìnrin fóònù. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé mi, ó ní òun fẹ́ ra káàdì, irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́. Obìnrin náà tún bi mí ní èyí tó kù: bí nǹkan bá ṣe mí lórí òkè nínú òkùnkùn, ta ni kí wọ́n pè? Mo ti rò ó káàkiri. Ìyá rẹ ò lè fi orúnkún yẹn gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ bú mi kó tó wá. Onígbàjámọ̀ á kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àdúgbò. Mo ní kí wọ́n pe ìwọ. Mo ka nọ́ńbà rẹ láti orí, mi ò wo ibì kankan. Ó ní kí lo jẹ́ sí mi, mo ní ọmọ mi ni. Ó ní iṣẹ́ wo lò ń ṣe.  Bí wọ́n bá bi mí tẹ́lẹ̀, màá ní o wà ní ìlú ńlá, ò ń ṣiṣẹ́, màá sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ìṣó. Lónìí mo sọ ọ́, onígbàjámọ̀ sì dúró gangan lẹ́yìn mi. Mo ní ọmọ mi ni atọ́nà orí òkè náà, òun ló ń fi ìràwọ̀ han gbogbo wọn, òun náà ló kọ ìwé tí obìnrin náà tẹ̀ jáde fún mi. Obìnrin náà ní ṣé òun náà lè wá. Mo ní kó lọ forúkọ sílẹ̀, kó sì múra sílẹ̀ láti jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ pé kí o má dá mi mọ̀ ti bàjẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bàbá rẹ ni kí o pè mí. Mo ṣì máa wo iṣẹ́ náà délẹ̀ o, màá yí i padà, màá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní mi ò wò ó. Bí mo bá ti délé ni màá dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Ìyá rẹ ní òun ti mọ ohun tí mo máa sọ, mo ní kí òun náà ní sùúrù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo ní màá sanwó ìràwọ̀ fúnra mi, mo sì ti san án, ẹnu mi ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan nípa owó ọkọ̀, ti èmi àti ti àga, mi ò sì sọ nípa súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Fi ránṣẹ́ bó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo sì fẹ́ kó tètè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Má jẹ́ kó gba inú fóònù mi wá, nítorí ó já sínú korobá omi, kò tíì gbẹ tán, mi ò sì fẹ́ kí owó náà tutù. Báńkì ni kí o fi í sí. Àwọn báńkì yẹn mọ iyì èèyàn, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí mi pé oníbàárà àwọn ọ̀wọ́n. Mo ti dá wọn lóhùn, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ, wọn ò tíì fèsì, ó ní láti jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tí o ń nà sókè yẹn. Àwọn tó bá tẹ̀ lé ọ gòkè á tẹ̀ lé ọ sọ̀ layọ̀. Wàá rí èyí tí ò ń wá, kò ní yẹ̀ lójú rẹ. Ẹ̀rín tí o ní a ò ní rí mọ́ yẹn, kò ní kúrò lẹ́nu rẹ, èmi kọ́ ni màá gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Bá mi fi àyè sílẹ̀ fún àga mi nítòsí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn. Bí gbogbo èèyàn bá ti wò tán, tí wọ́n ń lọ, má bá wọn lọ. Mo ti sọ fún ọ pé mi ò lè dá dìde lórí rẹ̀. Ìwọ ni kí o wá fà mí dìde, mi ò ní na ọwọ́ sí ẹlòmíràn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà onírùngbọ̀n dúdú.